Ìbéèrè àti ìdáhùn: Bí a ṣe ń yọ̀ǹda ara ẹni fún àwọn ọmọ tí àìsàn líle ń ṣe

Àwọn ọmọ tí a ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ni àwọn tó ní jẹjẹrẹ àti àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ní àwọn ọsibítù ńlá ilẹ̀ Yorùbá: UCH n'Íbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ àti irú wọn. Ẹgbẹ́ aláàánú kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ láàárín wọn la kọ síbí.

Kí ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda gan-an?

Iṣẹ́ náà pọ̀, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: kí ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lè parí rẹ̀. Ní àwọn ìlú olówó, nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ, àwọn tó ń yè é lé ní 80. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè bíi tiwa, wọn kì í tó 30. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, dá ètò kan sílẹ̀ ní 2018 pé kí ó tó di 2030, ó kéré tán, kí 60 nínú 100 máa yè é níbi gbogbo.

Kì í ṣe oògùn nìkan ló fa ìyàtọ̀ yìí. Àwọn ọmọ wa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sì dé ibẹ̀ kì í parí ìtọ́jú. Owó ọkọ̀ á tán. Ìyá á padà sílé lọ wo àwọn ọmọ yòókù. Tàbí kí ara ọmọ yá díẹ̀, kí wọ́n sì rò pé ó ti parí. Ti ìkẹyìn yìí wọ́pọ̀ nínú jẹjẹrẹ Burkitt tó máa ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó ń yára dàgbà débi pé láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń yára fà sẹ́yìn lẹ́yìn kímò àkọ́kọ́, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń fi dírípù fà sí ọmọ lára. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á rọ̀, ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ilé á sì wù wọ́n í lọ. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró níbẹ̀, àìsàn náà á padà, oògùn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́ bíi ti àkọ́kọ́.

Nítorí náà, olùyọ̀ǹda tó pe ìyá ọmọ lórí fóònù pé Ọjọ́rú ni kímò kẹta, tó sì rí i dájú pé owó ọkọ̀ ti wọlé láti Ọjọ́ Ajé, iṣẹ́ rẹ̀ tóbi ju ti ẹni tó gbé páálí bísíkíìtì wá lọ́jọ́ Kérésì lọ.

Ṣé ó di dandan kí n jẹ́ nọ́ọ̀sì?

Rárá o. A nílò ẹni tó ní ọkọ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ, ẹni tó lè ṣírò owó, télọ̀ tó lè rán fìlà fún ọmọ tí irun rẹ̀ ti re. A nílò tíṣà púpọ̀. Ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ máa ń gba ọdún méjì sí mẹ́ta, ọmọ tí kò sì fọwọ́ kan ìwé ní gbogbo àkókò yẹn, ojú á máa tì í láti padà sí kíláàsì pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀.

Kódà bí ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì níbòmíràn, lọ́jọ́ tí ẹ bá wọ ẹ̀wù olùyọ̀ǹda, ẹ kò gbọdọ̀ fún ọmọ lóògùn, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dírípù, ẹ kò gbọdọ̀ túmọ̀ èsì àyẹ̀wò fún òbí, ẹ kò sì gbọdọ̀ gbé ọmọ jáde kúrò ní wọ́ọ̀dù.

Báwo ni mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀?

Ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó mú nọ́ńbà NIN yín wá, ẹ ó sì mú ẹni méjì tí kì í ṣe ẹbí yín tó lè jẹ́rìí ìwà yín. Ẹgbẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á tún béèrè ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n á fọ̀rọ̀ wá yín lẹ́nu wò lójúkojú, wọ́n á béèrè àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ ti gbà, pàápàá ti èéyi, chickenpox àti hẹpatáítì B. Lẹ́yìn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan tàbí méjì, kí ẹ tó wá tẹ̀lé ògbólógbòó olùyọ̀ǹda kan kiri fún ìgbà mẹ́ta ó kéré tán. Ẹ óò máa wo ohun tó ń ṣe ni. Ẹ̀yin kì í tíì dá ṣe nǹkan kan.

Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló dé tí a fi ń yẹ̀ wọ́n wò bí olè, nígbà tó jẹ́ pé àánú ló gbé wọn wá. Ọmọ tó ń ṣàìsàn kò lè sá, kò lè pariwo, ó sì ti mọ́ ọn lára pé kí àjèjì máa fọwọ́ kan òun. Nítorí rẹ̀ ni a fi ń yẹ̀ yín wò, òun náà sì ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 wà fún. Ìdí kan náà ni a fi ní kí olùyọ̀ǹda má ṣe dá wà pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn kọ́tìnnì tàbí nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Bí ẹgbẹ́ kan bá ní kí ẹ máa bọ̀ lọ́la láìbi yín ní ohunkóhun, ẹ má lọ.

Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 lè bá wa di ẹrù ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò lè wọ wọ́ọ̀dù.

Wákàtí mélòó ló ń gbà?

Wákàtí méjì lọ́sẹ̀, tàbí méjì ní ọ̀sẹ̀ méjì, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ ṣèlérí ohun tí agbára yín ká. Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ń ka ọjọ́. Bí ẹ bá ní ẹ ń bọ̀ ní Sátidé, láti Ọjọ́bọ̀ ló ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ fi tó wa létí kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí wọ́n lè sọ fún un.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Kímò ń pa jẹjẹrẹ, ó sì ń pa sójà ara náà, ìyẹn àwọn èròjà funfun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn kímò ni wọ́n máa ń kéré jù. Ohun tó jẹ́ ọ̀fìnkìn lásán lára yín lè gbẹ̀mí ọmọ ní àkókò yẹn.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ bọ́ aago, òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ ká apá aṣọ dé ìgúnpá. Ẹ fi ọṣẹ pa àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka. Ẹ di àtàǹpàkò kọ̀ọ̀kan mú kí ẹ yí ọwọ́ po lára rẹ̀. Ẹ kó orí ìka jọ kí ẹ fi họ àtẹ́lẹwọ́ kejì kí ọṣẹ lè wọ abẹ́ èékánná. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60 ni. Ẹ nu ọwọ́ gbẹ, kí ẹ sì fi ohun tí ẹ fi nù ún ti ẹnu ẹ̀rọ omi, nítorí ọwọ́ ìdọ̀tí lẹ fi ṣí i. Bí ó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀lì ni, ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, títí yóò fi gbẹ fúnra rẹ̀. Àtàǹpàkò àti orí èékánná ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbàgbé. Èékánná àlẹ̀mọ́ kò gbọdọ̀ wọ wọ́ọ̀dù rárá, bó ti wù kó mọ́ tó. Ẹ tún fọwọ́ láàárín bẹ́ẹ̀dì kan àti èkejì.

Ẹ rántí èyí náà fún ìgbà tí ìyá ọmọ bá pè yín láti ilé: bí ara ọmọ tó ń gba kímò bá gbóná dé 38°C, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ààjìn òru. Kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fún un ní parasitamọ́ọ̀ kó máa wò ó títí di àárọ̀. Parasitamọ́ọ̀ á mú kí ara tutù, kòkòrò àrùn á sì máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀fìnkìn díẹ̀ ló ń ṣe mí. Ṣé mo lè fi ìbòmú wá?

Ẹ jókòó sílé. Bákan náà ni fún ikọ́, àpólò, egbò ẹnu, àti ìgbẹ́ gbuuru títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn tó dáwọ́ dúró. Bí chickenpox bá wà nílé yín, tí ẹ̀yin kò sì ní in rí tàbí gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọjọ́ 21 ni ẹ ó fi dúró.

Kí ni mo máa ṣe nígbà tí mo bá dé wọ́ọ̀dù?

Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì lẹ kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ bi í ní ohun mẹ́ta: ọmọ wo ni a kò gbọdọ̀ sún mọ́ lónìí, ọmọ wo ni kò gbọdọ̀ jẹun, ọwọ́ ta ni dírípù wà.

Ìbéèrè kejì yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lóògùn oorun láti fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ fún wákàtí 6, kò sì gbọdọ̀ mu omi lásán fún wákàtí 2. Ebi á máa pa á, á máa sunkún, àánú á ṣe olùyọ̀ǹda, ó sì lè fún un ní bísíkíìtì kan péré. Bísíkíìtì kan yẹn, wọ́n á ní láti sún omi ẹ̀yìn tí wọ́n fẹ́ fà náà síwájú, nítorí oúnjẹ inú ọmọ tó sùn lè gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ìyá tó wá láti Ṣakí tàbí Òkìtìpupa á tún wá owó ọkọ̀ mìíràn.

Fún eré, ẹ wá èyí tí ọwọ́ kan lè ṣe. Àwòrán kíkùn dára bí ẹ bá bá a di bébà mú. Ayò dára fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè gbé ọmọ ayò mì. Àlọ́ àpamọ̀ ló dára jù nígbà tí ó bá rẹ ọmọ, torí kò ní láti gbápá gbẹ́sẹ̀. Ẹ sọ pé, “Òkun ń hó yaa, ọ̀sà ń hó yaa, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́,” kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ óò rí i pé ọmọ tó ti kọ ojú sí ògiri á rọra yí padà, á ní, “Ọmọrogùn!” Bí kò bá yí padà, ẹ jókòó jẹ́jẹ́. Ogójì ìṣẹ́jú ti tó lọ́dọ̀ ọmọ kan. Ọmọ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti ní òun kò fẹ́; ẹ̀yin nìkan ló lè lé lọ ní wọ́ọ̀dù yẹn, kò lè lé abẹ́rẹ́.

Kí ni mo lè mú wá?

Ẹ béèrè kí ẹ tó ra nǹkan. Ohun tí wọ́n nílò kì í sábà jẹ́ èyí tó ń dùn ún rà: tẹmomítà, pámpásì, àwọ̀n ẹ̀fọn, àti ẹní, nítorí ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyá ń sùn sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Pawabáǹkì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Fóònù ìyá tí iná rẹ̀ ti tán ni ìdí tí bàbá kò fi gbọ́ pé wọ́n ní kí ó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ohun ìṣeré gbọdọ̀ jẹ́ oníke tó ṣeé fọ̀. Bèbí onírun tí ọmọ mìíràn ti lò rí, rárá. Òdòdó tútù àti bàlúùnù, rárá. Láti fọ ohun ìṣeré: bí ìwé ara ìgò bílíìṣì bá kà pé 3.5%, ife bílíìṣì kan sí ife omi 34. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ rì í sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ sá a. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ mìíràn, èéfín rẹ̀ léwu. Ti àná kò lágbára mọ́. Ẹ po òmíràn lójoojúmọ́.

Oúnjẹ: kìkì èyí tí nọ́ọ̀sì bá fọwọ́ sí. Egbò ẹnu máa ń yọ lẹ́yìn kímò, ata á sì máa ta ọmọ bí iná. Ẹ̀kọ mímu tó lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́ àti mọ́ínmọ́ín tí kò ní ata ló máa ń wọlé. Èso tí a ń bó, bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn, dára ju èyí tí a ń jẹ t'èèpo t'èèpo lọ. Sàláàdì àti oúnjẹ ojú títì tó ti tutù kò sí nínú rẹ̀.

Kí ni kí n sọ fún ìyá ọmọ?

Ẹ béèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é ní wọ́ọ̀dù, kí ẹ sì pè é bẹ́ẹ̀. “Ẹ kú aájò ọmọ o” ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bi í pé, “Ṣé ẹ ò tètè rí i ni?” Gbogbo òru ló fi ń bi ara rẹ̀ léèrè yẹn. Ẹ má sọ pé ẹ mọ̀ pé ọmọ á yè é. Ẹ ò mọ̀. Ẹ má sọ ìtàn ọmọ mìíràn. “Ẹ lọ wẹ̀, kí ẹ fẹnu kan nǹkan, mo wà níbí pẹ̀lú nọ́ọ̀sì títí ẹ ó fi dé” wúlò ju àdúrà gígùn tí kò béèrè lọ́wọ́ yín lọ. Bí ó bá béèrè àdúrà, ẹ gbà á fún un.

Wọ́n ń fún ọmọ lágbo. Ṣé kí n sọ fún dókítà?

Ẹ gba ìyá níyànjú kí ó sọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹ sì bá a dé ibẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà á. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọmọ ló ń tú kímò dànù. Bí àgbo bá tún wọlé, iṣẹ́ á wọ̀ wọ́n lọ́rùn, dókítà á sì rò pé kímò náà ló ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, á wá dín in kù. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ báyìí. Ẹ má bú àgbo, ẹ má bú bàbá àgbà tó se é. Ìdílé tí ẹ bá bú á máa fi pamọ́ fún yín, wọ́n á sì máa fún un lọ. Ti ilé àdúrà náà ò yàtọ̀: kò sí ohun tó ní kí wọ́n má gbàdúrà, bí kímò bá ṣáà ń lọ.

Ṣé mo lè fún òbí lówó lọ́wọ́?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fún ìyá kan, bẹ́ẹ̀dì mẹ́jọ yòókù ti rí i. Owó ń gba ọwọ́ ẹgbẹ́ àti ọ́fíìsì wẹ́lífíà ọsibítù kọjá: oògùn, wọ́n á san án fún ilé oògùn ọsibítù, rìsíìtì á jáde, owó ọkọ̀ nìkan ló ń wọ àkáǹtì òbí. Kò dára kí olùyọ̀ǹda lọ ra kímò níta nítorí ó dínwó. Ayédèrú wà, àwọn oògùn kan sì gbọdọ̀ wà nínú fíríìjì láti ilé iṣẹ́ dé ara ọmọ.

Ṣé mo lè ya fọ́tò?

Rárá. Kì í ṣe fún Facebook, kì í ṣe fún status WhatsApp, kódà bí ìyá bá gbà. Ẹni tó ń wo ọwọ́ yín kò lè sọ fún yín pé òun kò fẹ́. Bí ẹgbẹ́ bá nílò àwòrán, òun ló ń gba ìwé àṣẹ, òfin ààbò dátà ti 2023 sì de òun náà. Ọmọ yẹn á dàgbà, á fẹ́ wáṣẹ́, á fẹ́ fẹ́yàwó tàbí lọ́kọ.

Mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

A dúpẹ́ púpọ̀. Ẹ ti gbọdọ̀ pé ọdún 18, kí ẹ wọn kílò 50 ó kéré tán. Wọ́n á kọ́kọ́ wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ti pọ̀ tó, wọ́n á sì yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV, hẹpatáítì B àti C, àti àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis. Nǹkan bíi 450 mílílítà ni wọ́n ń fà. Ọkùnrin lè tún fi sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ jẹun kí ẹ tó wá, ẹ mu omi dáadáa, kí ẹ má sì gba kọ́bọ̀: ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́.

Ibi tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n á kó ogójì èèyàn wá lọ́jọ́ kan. Inú gbogbo wa á dùn, wọ́n á ya fọ́tò. Ẹ̀jẹ̀ pupa nínú fíríìjì kì í sábà ju ọjọ́ 35 lọ. Platelet, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tí ọmọ tó ń gba kímò nílò bí imú rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ tí kò dá, kì í ju ọjọ́ 5 lọ. Tí yóò bá fi di ọ̀sẹ̀ kejì, platelet ti tán, ogójì èèyàn yẹn kò sì lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ títí di oṣù mẹ́ta. Ẹ pín in: èèyàn mẹ́rin lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Kí ẹnì kan ní orúkọ, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ àti nọ́ńbà gbogbo wọn lọ́wọ́.

Kí ló yàtọ̀ nínú ti àwọn ọmọ SS?

Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ọmọ tó ń sáré lónìí lè máa ké lọ́la nítorí egungun ń ro ó. Ẹ gba ìrora rẹ̀ gbọ́. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí wíwú, ìyẹn kò ní kó jẹ́ irọ́. Ẹ má fi yìnyín sí i, òtútù ń dá kún un. Omi mímu púpọ̀, aṣọ ìbora, àti dídènà ibà ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ yín ni kí ẹ máa bi ìyá bóyá oògùn ojoojúmọ́ ṣì kù nílé, àti bóyá ọmọ tó wà láàárín ọdún 2 sí 16 ti ṣe TCD, àyẹ̀wò orí tó ń fi hàn bóyá rọpárọsẹ̀ ń bọ̀. Sickle Cell Foundation Nigeria wà ní Ìdí-Àràbà, ní iwájú LUTH, fún ẹni tó nílò ìmọ̀ràn.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àbíkú jáde lẹ́nu yín, kódà bí ìyá àgbà ọmọ bá kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọmọ náà ń gbọ́.

Ọmọ bi mí pé, “Àǹtí, ṣé mo máa kú ni?”

Ẹ má sáré dáhùn, ẹ má sì sọ pé “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́” kí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ bi í pé, “Kí ló mú ọ ronú bẹ́ẹ̀?” Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹnì kan, ó lè jẹ́ pé ọmọ bẹ́ẹ̀dì kejì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gbọ́ ọ tán. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa bá a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n dáhùn, kí ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì kí ẹ tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ọmọ bá sọ pé ẹnì kan ń ṣe òun ní ibi, ẹ má ṣèlérí àṣírí. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ẹgbẹ́ yàn fún ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ, lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Bí ọmọ bá kú ńkọ́?

Yóò ṣẹlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú gbogbo ìwé ìránnilétí lọ́jọ́ yẹn. Kò sí ohun tó burú bíi kí ìyá gba ìpè ní ọ̀sẹ̀ kejì pé Ọjọ́rú ni kímò karùn-ún.

“Ẹ kú àmúmọ́ra” ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì dákẹ́. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́” jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ìdílé. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, wọ́n sì mọ ìgbà tí wọ́n máa sọ ọ́. Lẹ́nu àjèjì, létí ìyá tí ọmọ rẹ̀ ti wọ JSS1, ó lè dà bíi pé ẹ ní ọmọ yẹn kò jámọ́ nǹkan. Ẹ má béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí, nítorí nílẹ̀ wa òbí kì í sábà fojú kan sàréè ọmọ. Bí ó bá jẹ́ Mùsùlùmí, wọ́n á fẹ́ sin ín lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá lè bá wẹ́lífíà sọ̀rọ̀ lórí owó ọsibítù kíákíá ti ṣe púpọ̀.

Àwọn ọmọ yòókù á béèrè rẹ̀. Ẹ má sọ pé ó ti lọ sílé. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ohun tí wọ́n ti sọ fún wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ má wá ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e bí ara yín kò bá gbé e. Ẹ pe ẹni tó ń bójú tó yín, kí ẹ sunkún.

Ṣé mo lè ṣèrànwọ́ kí ọmọ tó dé ọsibítù rárá?

Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọjà àti ní ilé ìjọsìn. Ohun tí ẹ ó máa sọ kò pọ̀: funfun tó ń dán nínú ẹyinjú ọmọ bíi ojú ológbò, pàápàá nínú fọ́tò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń wú lójoojúmọ́, kókó nínú ikùn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máa tẹ̀ tàbí fi òróró ra, ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà pẹ̀lú ara tó ń funfun. Ọsibítù ni fún gbogbo wọn, lọ́sẹ̀ yẹn. Ọjọ́ 15 oṣù kejì ni ọjọ́ jẹjẹrẹ ọmọdé lágbàáyé, àsìkò tó dára láti bẹ̀rẹ̀.

Ìlú Ọba ni mo wà.

Ẹ má fi oògùn sínú báàgì ránṣẹ́. Owó ló wúlò jù. Bí ẹgbẹ́ náà bá forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ aláàánú ní Britain, tí ẹ sì ń san owó orí níbẹ̀, Gift Aid á fi 25p kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún lè máa kọ́ ọmọ kan ní ìṣirò lórí fídíò, pẹ̀lú òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ lórí ìlà.

Mo fẹ́ dáwọ́ dúró.

Ẹ sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ẹ kọ ọjọ́ kímò tó kàn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀, kí ẹ mú ẹni tó ń rọ́pò yín wá sí wọ́ọ̀dù ní ẹ̀ẹ̀mejì kí àwọn ọmọ lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ fún ọmọ pé ẹ ò ní máa wá mọ́, kí ẹ sì sọ ọjọ́ tí yóò jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ pa nọ́ńbà àwọn òbí rẹ́ lórí fóònù yín, kí ẹ dá káàdì ìdánimọ̀ padà.